Yanrìn Kò Gbọdọ̀ Sùn

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Bàbá Sípánà, kó fi ìṣó kan ṣòfò lójú rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń to ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe táǹkì ìpò-nǹkan-pọ̀, àwọn ìkòkò irin ràgàjì tí abẹ̀bẹ̀ irin ń yí nínú wọn kí yanrìn tó wà nínú omi má baà rogún sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ìṣó já bọ́ lójú rẹ̀, kò sì bínú. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fẹ́ dán táǹkì tuntun wò níwájú Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà.

Ọmọ náà kò rí ilé ẹ̀kọ́ gíga wọ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà ló fi kọ́ ìṣirò, lórí tábìlì ìjẹun bàbá rẹ̀, nígbà tó bá ti ìdí fáìlì ọ́fíìsì dé. Ó ti dán táǹkì gíláàsì kékeré wò: ní ìyípo irínwó ní ìṣẹ́jú kan, yanrìn kò jókòó mọ́. Ó ṣírò, ó ní mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni yóò tó fún táǹkì ńlá.

Jórinjórin, ẹni tó jó irin táǹkì náà pọ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Kékeré gba irínwó, ńlá wá gba mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún? Ṣé oúnjẹ èèrà ni erin ń jẹ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, abẹ̀bẹ̀ kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ibi tí ńlá fi ìṣísẹ̀ kan dé, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni kékeré máa fi débẹ̀,” ni ọmọbìnrin náà dá a lóhùn.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. “Tí yanrìn bá sùn nísàlẹ̀ ní iye yẹn, ẹ́ńjìnnì ńlá la máa gbé sí i, ìwọ náà á padà sídìí fáìlì. Mi ò ní gbọ́ ìṣirò mọ́.”

Òfin àyẹ̀wò náà ṣe kedere: ẹyọ yanrìn kankan kò gbọdọ̀ jókòó nísàlẹ̀ ju kíka ení, èjì lọ. Ọmọbìnrin náà tẹ́ páálí sábẹ́ táǹkì, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí fèrèsé gíláàsì ìdí rẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó pé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

“Ó ń sùn,” ló wí. “Òkìtì kan wà láàárín.”

“Mo ti sọ,” ni Ọ̀gá wí. “Ẹ lọ gbé ẹ́ńjìnnì ńlá.”

Bàbá Sípánà mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, yanrìn tó ti rogún ṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí abẹ̀bẹ̀ tó tò tí kò fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan gbé ga ju ti àwòrán iṣẹ́ lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bó bá dákẹ́ báyìí, ta ló máa wọnú táǹkì lọ wọ̀n ọ́n? Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń ká ìwé ìṣirò rẹ̀ nílẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ dúró. Mo gbé abẹ̀bẹ̀ yẹn ga ju ti àwòrán lọ, kò lè gbá ìdí táǹkì dáadáa. Ìṣirò ọmọ mi ò lábùkù, ọwọ́ mi ló lábùkù.”

“Háà, Bàbá! Ẹ̀yin kẹ̀?” ni Jórinjórin wí.

“Panu dé, kí o bá mi mú sípánà wá!”

Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn. “Bàámi, èmi náà ni mi ò wọ̀n ọ́n. Ẹ̀bi àwa méjèèjì ni.”

Wọ́n tú omi dànù, wọ́n sọ abẹ̀bẹ̀ kalẹ̀ sí ibi tí àwòrán wí, wọ́n tún omi àti yanrìn dà sí i. Ní ọgọ́rin, òkìtì ṣì wà. Ní márùndínláàádọ́rùn-ún, ó ku ẹyọ bíi mélòó kan. Ní mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ohùn ọmọbìnrin náà jáde lábẹ́ táǹkì: “Ení, èjì… Kò sí èyí tó jókòó!”

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó wò ó títí. “Ẹ́ńjìnnì kékeré ti tó. Láti òní lọ, kí a tó gé irin kankan, ìṣirò rẹ ni kó kọ́kọ́ dé orí tábìlì mi.”

Nígbà náà ni Bàbá Sípánà nalẹ̀ sórí páálí lábẹ́ táǹkì, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Yanrìn ń fò lókè ojú rẹ̀ bí ìgbà tí ìjì ń gbá ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń ka ení, èjì, ó tún ń kà á.

“Bàbá, ẹ dìde, a ti rí i,” ni Ọ̀gá wí.

“Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Ọ̀gá. Ọmọ tí mo bí ló ṣe é.”