Pápá Tó Wà Láàárín Bílọ́ọ̀kì Mẹ́ta

Nígbà tí Àlùkò dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì yàrá ìpàdé, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Táwà lọ́kàn ni pé kí òun jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ó sì jẹ́ kó pẹ́ lóòótọ́. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, ó fi omi gbé e mì. Ó tún gèlè ṣe. Díákónì, olówó Congo Town ní Monrovia, àgbà tó ju Táwà lọ dáadáa, ó nà gbọnrangandan sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó dìde.

“Ìyá Bádé, ẹ ṣàánú mi,” ni Àlùkò ń wí láti ilẹ̀. “Olúfúnmiláyọ̀ ìyàwó mi ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí pápá lọ́sàn-án òní, ká gbàdúrà lé e lórí, ká tó lọ sin ín.”

Bílọ́ọ̀kì mẹ́ta ló wà nínú ọgbà wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń mójú tó òrùlé, àtẹ̀gùn àti ìjà àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n géètì, jẹnẹrétọ̀, omi àti pápá oníkoríko àárín ọgbà, Ẹgbẹ́ Àgbà ló ni wọ́n, ẹgbẹ́ tó ń jọba lórí àwọn ẹgbẹ́ tó kù. Aṣojú kan láti bílọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló ń jókòó níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo pápá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ gbà fún un. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ó parí nìyẹn. Àlùkò fúnra rẹ̀, aṣojú bílọ́ọ̀kì kìíní, ló gbé òfin yẹn kalẹ̀ nígbà tó wà nípò alága. Ta wá ni alága lọ́dún yìí? Táwà ni!

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Yaqub ọkọ Táwà kú, Yaqub tó bá àwọn sójà Nàìjíríà wá pa iná ogun, tó sì fi Monrovia ṣe ilé. Yàrá yìí kan náà ni Táwà kúnlẹ̀ sí, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ta kánópì sí pápá fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Àlùkò kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Òfin ni òfin, ìyá,” ló wí. Ẹ̀bá títì làwọn áfáà jókòó sí, lẹ́yìn géètì. Òjò Monrovia kì í bojú wo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀; ó rọ̀ lé wọn lórí. Ìrẹsì sàárà ń léfòó nínú abọ́. Áfáà àgbà ká Kùránì mọ́ abẹ́ agbádá, àwọn èrò inú kẹ̀kẹ́ ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni Táwà ti ń du ipò aṣojú bílọ́ọ̀kì kẹta. Kì í ṣe nítorí òrùlé rárá.

“Màdáàmù Cooper ńkọ́?” ni Táwà bi aṣojú bílọ́ọ̀kì kejì.

“I say yes o,” ni obìnrin náà dáhùn, ó ń nu ojú. “Da woman was good woman.”

Táwà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olúfúnmiláyọ̀ kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ọkàn rẹ̀ gún un díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí ìrẹsì yẹn. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ta ló ní kí Àlùkò fi í sájà?

“Òfin ni òfin, bàbá,” ni Táwà wí. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ ju oyin lọ.

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé pósí náà lé orí bẹ́ǹṣì méjì lẹ́yìn géètì. Táwà dúró nínú ọgbà pẹ̀lú agbòjò lọ́wọ́, ó ń wòran. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Òjò, o kú iṣẹ́! Pásítọ̀ ń pariwo àdúrà, mọ́tò ń fọn fèrè, àwọn akọrin ò gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Ẹ má jẹ́ ká parọ́, inú Táwà dùn dénú.

“Yaqub, ṣé ẹ rí wọn?” ló wí lábẹ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni Dámilọ́lá, ọmọ olóògbé, kúrò nídìí pósí, ó gba ẹnu géètì wọlé wá bá a. Òun àti Bádé ọmọ Táwà ni wọ́n jọ dàgbà. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Dádì mi ní àwọn ò lọ sí Ẹgbẹ́ Àgbà mọ́, mà. Èmi ni bílọ́ọ̀kì wa mú rọ́pò wọn.”

“Ìwọ? Ọmọdé ni ẹ́.”

“Ẹ̀ẹ́n, mà. Mi ò kánjú.”

Kò sí omijé lójú rẹ̀. Ó wo Táwà láti orí dé ẹsẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ ránṣọ fún, ó sì padà sídìí òkú ìyá rẹ̀. Táwà mọ ojú yẹn. Ọdún méjì ló ti ń rí i nínú dígí.

Ó gba inú pápá kọjá lọ sílé. Koríko ibẹ̀ tutù, ó gbòòrò, ìbá gba gbogbo èrò ẹ̀bá títì yẹn. Bádé ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó gba agbòjò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bádé, ọjọ́ tí mo bá kú,” ni Táwà wí, “mọ́sálásí Vai Town ni kí o ti ṣàdúrà mi.”

“Ẹ̀yin náà ẹ! Kí ló dé tó fi máa jẹ́ Vai Town? Ṣebí pápá wà níbí.”

Táwà jókòó, ó sì ń bọ́ bàtà rẹ̀ tó kún fún omi.