Igi Ìdábùú Kì Í Ṣe Bẹ́ǹṣì

Ìdí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń wó ọgbà mi. Mo yáa sọ ọ́ síta báyìí kó lè yé yín, nítorí gbogbo ilé ló ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń yẹra fún ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ikán ni. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò le. Wọ́n ní àwọn ewúrẹ́ ló ń fara nu òpó. Káfíńtà tiẹ̀ ní atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn! Atẹ́gùn tó ń wọ ṣòkòtò, tó ń jókòó, tó ń kígbe pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ìyàwó, ṣé omi tútù wà?"

Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti ń sin ewúrẹ́. Ìyá mi ló fún mi ní abo kan nígbà tí mò ń bọ̀ nílé ọkọ. Ó bímọ, ọmọ rẹ̀ náà bímọ, ló bá di agbo. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn, látorí àga dórí aṣọ fèrèsé, àwọn ewúrẹ́ yẹn nìkan ni mo lè nawọ́ sí kí n ní tèmi ni, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi jiyàn. Òpó igi àti wáyà onínẹ́ẹ̀tì la fi ṣe ọgbà yí wọn ká.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti na wáyà rí mọ̀ pé òpó igun ló ń jìyà jù. Àwọn òpó àárín kàn dúró ni. Òpó igun ni wáyà ti ọ̀tún ń fà, tí ti òsì náà ń fà, láìsinmi. Bí wọn ò bá ràn án lọ́wọ́, yóò tẹ̀, wáyà á sì dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri òpó kejì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á fi igi ìdábùú kan há àárín àwọn méjèèjì, tí wọ́n á wá fi wáyà so ìdí òpó igun mọ́ orí òpó kejì ní ìdagun. Wọ́n á ki ọ̀pá bọ àárín wáyà náà, wọ́n á máa yí i títí yóò fi le gan-an, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ta á, á dún. Nígbà náà òpó méjì ti di ọ̀kan. Màlúù kò lè wó o.

Màlúù kò lè wó o, àmọ́ Ẹ̀gbọ́n lè wó o.

Káfíńtà tó bá wa ṣe é lọ fi igi ìdábùú síbi tó ga tó ìdí àgbàlagbà gẹ́lẹ́. Igi máńgòrò ṣíji bò ó. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n fọwọ́ nu orí igi náà, wọ́n jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò mi mà ṣe dáadáa o. Ó rántí pé mo máa ń wá."

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe èèyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí wọ́n bá jókòó, igi ìdábùú á tẹ̀ bí ọrun, orí òpó méjèèjì á fẹ́ máa sọ̀rọ̀ síra wọn létí, ìdí òpó igun á sì máa gbé ilẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Wáyà á dẹ̀. Ewúrẹ́ tó bá ti rí i pé wáyà dẹ̀ kò ní bi yín léèrè: á fi imú gbé e, á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó di ọ̀dọ̀ Onítòmátì.

Aládùúgbò wa tó ń gbin tòmátì lẹ́yìn ilé là ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá ti dé ebè rẹ̀, kì í bá mi sọ ọ́ rárá. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ló ń lọ, torí àwọn ni àgbà ilé. Á dúró tì wọ́n, á di òpó igun mi mú, á máa mì í bó ti ń ka ẹjọ́. "Ṣé òpó nìyí? Ẹ wò ó! Ṣé òpó nìyí?" Á mì í, á mì í. Ẹ̀gbọ́n náà á máa mì pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìjókòó wọn, wọ́n á máa mi orí.

Ìgbà tó wá tó gẹ́ẹ́, Ẹ̀gbọ́n na ìka sókè. "Mo ti gbọ́. Bí ewúrẹ́ kan bá tún ti inú ọgbà yìí jáde, gbogbo wọn ló máa kúrò nílé yìí. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀." Wọ́n sì fi ọwọ́ lu igi ìdábùú kó lè wọ̀ wá létí. Ojú mi báyìí ni wáyà ṣe tún dẹ̀ sí i.

Mo bá ọkọ mi nínú ilé ìdáná. "Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Kí wọ́n má jókòó síbẹ̀ mọ́."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ bọ́ ṣòkòtò lára wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi? Tí wọ́n pọ̀n mí dàgbà?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n pọ̀n. Òpó mi ló ń pọ̀n wọ́n báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọlé. Ló bá ní, "Jẹ́ ká kúkú tún òpó náà ṣe."

A po kọnkéré sí ìdí òpó. Nígbà tó gbẹ, orí rẹ̀ tẹ́jú dáadáa, Ẹ̀gbọ́n sì rí ibi tí wọ́n á máa gbé ife omi wọn lé. A fi igi kan ti òpó náà ní ìdagun. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e, wọ́n na orúnkún, wọ́n ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Orúnkún yìí ti ń yọ mí lẹ́nu tẹ́lẹ̀." Mo wọlé, mo forí ti ògiri.

Mo wá ronú pé gíga igi ìdábùú ni ká gbé sókè. Mo pe Káfíńtà, ó gbé e dé àyà, níbi tó yẹ kó wà látilẹ̀. Inú mi dùn, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Nígbà tí mo fi máa padà dé, igi ìdábùú ti sọ̀ kalẹ̀ sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Káfíńtà ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dá a padà?"

"Ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n ní àwọn ò lè máa nàró bí ọlọ́dẹ."

"Ta ló ni ọgbà?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá Ewúrẹ́." Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ti ń fẹ̀yìn rìn. "Ṣùgbọ́n igi ni mo kọ́ṣẹ́ rẹ̀ o. Mi ò kọ́ṣẹ́ ẹbí."

Ó dáa. Mo ra wáyà ẹlẹ́gùn-ún, mo wé e mọ́ igi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìka mi méjì fara gbọgbẹ́. Mo ní ká wo ẹran ara tó máa jókòó sórí èyí. Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n wò ó, wọ́n ṣẹ́ òfìfo àpò ìrẹsì po sí mẹ́rin, wọ́n tẹ́ ẹ lé e, wọ́n jókòó. "O ṣé tó o wé e," ni wọ́n ní. "Àpò ì bá máa yọ̀."

Ẹ sọ fún mi, kí lèèyàn ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí òpó, mò ń yí wáyà ìdagun. Ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ wọn Onígbàjámọ̀ ló wà lókè, ìdí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ṣàríwísí gbogbo ayé. Bí mo bá ti yí i tó fẹ́ le, Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, igi á mì, wáyà á tún dẹ̀.

"Ìyàwó." Wọn ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "O ò yí i dáadáa. Ṣé o ò jẹun ni?"

Ọwọ́ mi dúró. Ìgbà yẹn ni mo rí abo ńlá, èyí tí ìyá mi fún mi gan-an, tó ti ki orí bọ abẹ́ wáyà. Èjìká rẹ̀ ti ń bọ̀. Onítòmátì tó ń tu koríko lórí ebè gbójú sókè, ó rí i, ló bá gbé ọkọ́, ó ń bọ̀.

Mo di abo náà mú níwo. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde."

Wọ́n gbọ̀n. "Ejò ni?"

"Kì í ṣe ejò."

"Kí wá ni?"

"Ìdí yín ni."

Onígbàjámọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀, ó rìn jìnnà, ó dúró bí ẹni tí kò bá wọn jókòó rí láyé.

"Kí lo sọ?" ni Ẹ̀gbọ́n ní.

"Mo ní ìdí yín ló ń wó òpó mi, sà. Kì í ṣe ikán, kì í ṣe atẹ́gùn. Bẹ́ ẹ bá ti jókòó, wáyà a dẹ̀. Bí wáyà bá dẹ̀, ewúrẹ́ a jáde. Bí ewúrẹ́ bá jáde, ẹ̀yin náà lẹ tún ń dájọ́ fún un."

Ọkọ mi yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Jọ̀ọ́, dákẹ́."

"Mo ti dákẹ́ títí, ọ̀fun ń dùn mí."

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ọkọ mi. "O gbọ́ ohun tí aya rẹ ń sọ? Èmi tí mo gbé ọ sẹ́yìn lọ sílé ìwé! Wọ́n ń lé mi kúrò nílé àbúrò mi!"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ. Mo ní kẹ́ ẹ dìde. Ọ̀tọ̀ ni lílọ, ọ̀tọ̀ ni dídìde."

"Mi ò dìde." Wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n tún fi í lélẹ̀ kó lè wọ̀ dáadáa. Òpó ké kíìn.

Onítòmátì ti dé. "Ẹ ò rí i! Orí rẹ̀ ti wà níta! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, ẹ ní bó bá tún jáde..." Ó ti nawọ́ sí òpó láti mì í.

"Ẹ fi òpó sílẹ̀ ná," ni mo ní fún un. "Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo abẹ́ wáyà yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀. "Àyè ńlá rèé! Èmi gan-an lè gba ibẹ̀."

"Ẹ wá máa tẹ̀ lé wáyà yẹn lọ sókè. Ẹ wo ibi tó ti dẹ̀ wá."

Ojú rẹ̀ tẹ̀ lé wáyà. Ó dé òpó igun tó ti tẹ̀, ó dé orí igi ìdábùú, ó dé orí àpò ìrẹsì, ó dé orí ohun tó wà lórí àpò ìrẹsì. Onítòmátì kì í ṣe ẹbí wa. Ẹnikẹ́ni kò gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn lọ sílé ìwé nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

"Háà," ló ní. "Àṣé ẹ̀yin lẹ ń jẹ tòmátì mi."

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sáré sọ ọ́ di ikọ́. Ẹ̀gbọ́n wo ọkọ mi, ọkọ mi ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n bá dìde.

Òpó igun padà sẹ́yìn níṣojú gbogbo wa. Wáyà dún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Abo ńlá yára fa orí padà sínú. Ẹ̀gbọ́n ká àpò wọn, wọ́n gbé ife wọn, wọ́n lọ láìdágbére.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ọkọ mi ò jẹ oúnjẹ tí mo sè. "Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn," ló ní. "Níwájú èèyàn ni wọ́n ti sọ ọ́ pé àwọn ewúrẹ́ máa kúrò nílé. Bí Ẹ̀gbọ́n bá fi ìbínú ní kí ewúrẹ́ lọ, èmi ò lè ní kí ewúrẹ́ má lọ, ewúrẹ́ á lọ. Lọ bẹ̀ wọ́n."

"Mo máa bẹ̀ wọ́n nítorí bí mo ṣe sọ ọ́. Mi ò ní bẹ̀ wọ́n nítorí ohun tí mo sọ."

"Sáà lọ kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ wọn, ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹnu mi ló yá."

"Ìgbà wo ni kì í yá?"

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bi ògiri léèrè pé, "Òpó yẹn ńkọ́?"

"Ó ti dúró, sà. Látìgbà yẹn, kò mì mọ́."

"Kò mì mọ́?" Wọ́n yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. Mo rí i tí nǹkan kan gba ojú wọn kọjá. "Ẹn-ẹ́n. Mo ti ń fura sí jíjókòó yẹn tipẹ́."

"Sà?"

"Mo ní mo ti ń fura. Kí lo rò pé mò ń jókòó síbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún? Mò ń dán an wò ni."

Ahọ́n mi dìde lẹ́nu. Ọkọ mi fi ẹsẹ̀ tẹ etí ìró mi mọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Mo gbé ohun tí mo fẹ́ sọ mì, ó wọlé bí eegun ẹja.

"Àwọn ewúrẹ́ wá ńkọ́, sà?"

"Ta ló bá ewúrẹ́ jà? Mo ti rí ohun tó ń ṣe òpó. Kí ewúrẹ́ dúró sílé."

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n ti wà ní ẹ̀yìnkùlé kí n tó dé. Onígbàjámọ̀ gbàgbé ara rẹ̀, ó fẹ́ jókòó, wọ́n bá lọgun mọ́ ọn: "Dìde níbẹ̀! Igi ìdábùú kì í ṣe bẹ́ǹṣì! Ṣé o fẹ́ wó ọgbà onílé ni?" Wọ́n pe Káfíńtà tó ń kọjá lọ, wọ́n ṣàlàyé bí igi ṣe ń tẹ̀, bí òpó ṣe ń tẹ̀ lé e, bí wáyà ṣe ń dẹ̀. Kò kù síbì kan. Káfíńtà ń mi orí. "Ọpọlọ yín pé o, Ẹ̀gbọ́n."

Onítòmátì pàápàá dé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. "Èmi ni mo rí i," ni wọ́n ní. "Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí ìdí rẹ̀, àmọ́ mo rí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìyàwó?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Onítòmátì fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń retí mi. Ọkọ mi ń fi ojú bẹ̀ mí. Nínú ọgbà, abo tí ìyá mi fún mi dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. "Ẹ̀yin ni."