Pọ́ǹpù Méjì Lórí Tábìlì

Mẹkáníìkì fi ìka kan ti pọ́ǹpù ọ́ìlì tuntun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì, bí ẹni ń ti òkú eku.

"Ta ló ní kó o ra èyí?"

"Mo kà nípa rẹ̀ lórí fóònù ni, Bùọ̀dá," ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Wọ́n ní ó ń fa ọ́ìlì ní ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀."

"Wọ́n ní! Fóònù ò tú ẹ́ńjìnnì rí. Gbogbo ọ́ìlì lèyí máa fà lọ sókè, kó tó sọ̀ kalẹ̀ padà, ìsàlẹ̀ á ti gbẹ."

Oníṣègùn eyín ni àna rẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, síbẹ̀ ó ní eré ọkọ̀ lòun fẹ́ máa sá. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́! Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì fọwọ́ ara rẹ̀ tò nọ́ọ̀kì mọ́ ọn lábẹ́ láàárín ìdíje. Ọkọ̀ náà ò tíì tutù tí mẹkáníìkì fi dájọ́: àna òun ló tẹ ọkọ̀ náà jù, ìyẹn ló pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ níwájú gbogbo ẹbí, àwọn ọmọ ilé sì ń pe oníṣègùn ní Ẹlẹ́sẹ̀-Irin lẹ́yìn. Ó sọ ọ́ fún olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje, ìyẹn sì yọ orúkọ oníṣègùn kúrò. Oníṣègùn ò jiyàn. Ó ní kí wọ́n má bínú.

Ẹ́ńjìnnì náà ti di títò padà báyìí, pọ́ǹpù nìkan ló kù.

"Bí mo bá fi èyí tó lágbára sí i," ni oníṣègùn sọ, "bóyá wọ́n á gbà mí padà."

Mẹkáníìkì pòṣé. Ó fa pọ́ǹpù àtijọ́ yọ nínú páálí, tòun ti asẹ́ ẹnu rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti tú u ni kò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló fẹ́ yẹ̀ wò, nígbà tó ti mọ ẹni tó jẹ̀bi? Ó ṣí ìdérí rẹ̀. Eyín irin inú rẹ̀ ń dán.

"Wò ó. Kí ló ṣe é?"

Oníṣègùn bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu asẹ́ bó ṣe máa ń tàn án sẹ́nu èèyàn. Ó ki ìka méjì bọ̀ ọ́, ó sì fa nǹkan pupa kan jáde, ó rọ̀, ó gùn tó ìka.

"Kí lèyí, Bùọ̀dá?"

Gọ́ọ̀mù ni, èyí tí mẹkáníìkì fi lẹ etí àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kó má bàa jò. Bí èèyàn bá fi sí i jù, àṣẹ́kù rẹ̀ á já sínú ọ́ìlì, á sì dí asẹ́, ọ́ìlì ò ní lè gòkè mọ́. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, alápatà ló máa ń pè wọ́n.

Àna rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Bí mẹkáníìkì bá ní ìdọ̀tí lásán ni, á gbà. Ojú ti mẹkáníìkì.

"Èwo la máa lò, Bùọ̀dá?"

"Irú ti àtijọ́. Kò jẹ̀bi." Ó nawọ́ sí nǹkan pupa náà. "Gọ́ọ̀mù mi nìyẹn. Èmi ni mo dí i lẹ́nu. Màá lọ bá olórí ẹgbẹ́ yín lónìí."

Oníṣègùn wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bí iná ìkìlọ̀ ọ́ìlì ṣe tàn lọ́jọ́ náà ni mo ti pa ẹ́ńjìnnì," ló sọ jẹ́ẹ́. "Ẹsẹ̀kẹsẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mẹkáníìkì máa gbọ́ ọ. Láti oṣù mẹ́ta, kò tíì bi í rí.