Ojú Ibi Tí Irin Ti Ṣẹ́

Moshood ju irin náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Àkànó, gbàgà, Àkànó sì fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò.

Ọ̀pá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Àǹtí Oyèbísí ni. Ó ti ṣẹ́ sí méjì, bẹ́ẹ̀ kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí Moshood wẹ́dà jó o pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yìí, ní Abúlé Òkúta. Àkànó tó ń lo ẹ̀rọ náà ní Ṣómólú ní iṣẹ́ ọwọ́ Moshood ló jẹrà. Moshood ní Àkànó ló ń ki páálí bọ ẹ̀rọ lẹ́nu bí ẹni ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Àǹtí jókòó sáàárín wọn lórí àga oníke, ó ní ẹni tó bá jẹ̀bi kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun mọ́ láéláé.

"Géètì tí ẹ jó fún àna yín ńkọ́, ọ̀gá?" ni Àkànó wí. "Ṣé èmi náà ni mo ki páálí bọ̀ ọ́ lẹ́nu tó fi wó pa ewúrẹ́?"

Àwọn aládùúgbò bú sẹ́rìn-ín. Orí Moshood gbóná. Ó gbé irin náà, ó nu ojú ibi tó ti ṣẹ́, ló bá di tíṣà.

"Àǹtí, ẹ wò ó. Irin kì í ṣẹ́ lójijì. Hóró-hóró ni inú rẹ̀, bíi gàrí. Bó bá kúnná bíi ti Ìjẹ̀bú, ó le. Ibi tí hóró bá ti tóbi, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ sán. Ẹ̀rọ ń yí, ó ń sán lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé àwọn ìlà yìí padà sẹ́yìn, wọn á fi ọ̀bàyéjẹ́ hàn yín."

Ìlà náà dà bí àmì tí omi ń fi sílẹ̀ létí ọ̀sà Ìlàjẹ bó bá ń fà. Ìka Moshood ń tọ̀ wọ́n lọ, ohùn rẹ̀ ń ròkè, títí ìka fi dé ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti jó o pọ̀. Hóró ibẹ̀ tóbi, ó ń dán bíi ṣúgà.

Ìka dúró.

Ó rántí. Kí iṣẹ́ lè yá, ó ti yí iná dé òpin, bẹ́ẹ̀ iná àpọ̀jù ló ń sọ hóró irin di ńlá. Irin ṣì ń pọ́n nígbà tó bu omi tútù lé e, ṣàà. Àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n "Kíákíá Wẹ́dà" ló kọ sára pátákó rẹ̀.

"Níbo ló wá ti bẹ̀rẹ̀?" ni Àkànó bi í.

Àtàǹpàkò Moshood ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Àǹtí Oyèbísí kò wo irin mọ́. Àtàǹpàkò náà ló ń wò.