Wọn Kò Ní Pẹ̀lẹ́

Nígbà tí ilé iṣẹ́ páálí kó ẹ̀rọ ńlá tó ń gé páálí lọ sí ẹ̀ka wọn lókè òkun, wọ́n kó Rọra náà mọ́ ọn, bí ìgbà téèyàn ra màlúù tí wọ́n fi okùn ọrùn rẹ̀ ṣe èènì. Òun ló ti ń fún ẹ̀rọ náà lóróró láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Kì í ṣe pé ó bẹ̀bẹ̀ láti lọ o. Wọ́n ní ẹ̀ka tilé máa tì; ẹni tó bá ṣì fẹ́ jẹun, kó máa bá ẹ̀rọ lọ. Ó kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ lẹ́yìn tí ẹnu ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wọn tán. Wọ́n gbé yàrá tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n bá ẹ̀rọ lọ.

Rọra kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ló fún un, nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Á sọ ọ́ fún ẹni tó ń gun àkàbà, á sọ ọ́ fún ẹni tó ń mu omi. Ẹ̀rù ló máa ń bà á. Kì í kọjá lábẹ́ ohun tí wọ́n gbé kọ́, kì í sì í wọ yàrá láìkọ́kọ́ yọjú. "Bí ikú bá ń bọ̀ wá mú Rọra," wọ́n á ní, "àfi kó kan ilẹ̀kùn." Ìwé tó kà kò pọ̀. Ojú ló fi ń ka ayé.

Ibi tí wọ́n wá dé yìí, ojú nìkan kò tó. Ilé iṣẹ́ fún wọn ní yàrá méjì ní àjà kẹta. Ògiri ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí aládùúgbò bá wúkọ́, ọmọ wọn á ta jí. Ìwé tó jẹ́ kí wọ́n lè gbé ìlú náà, orí iṣẹ́ ló dúró lé. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́, ìwé bọ́, ó di kí wọ́n padà síbi tí wọn kò ti ní yàrá mọ́, tí kò sì síṣẹ́. Rọra mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ èdè rẹ̀ nílé iṣẹ́ náà, awakọ̀ kan tó ń fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù káàkiri inú ọgbà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi tó fi ń pe ara rẹ̀ ní Àgbà Àlejò. Òun ló kọ́ Rọra ní ẹ káàárọ̀, ó kọ́ ọ ní ẹ ṣé àti bẹ́ẹ̀ ni.

"Pẹ̀lẹ́ ńkọ́?" Rọra bi í.

"Pẹ̀lẹ́ bíi ti báwo?"

"Pẹ̀lẹ́ náà. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ, tàbí tó ń wúkọ́."

Àgbà Àlejò họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní pẹ̀lẹ́ níbí o. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ, òun àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ni." Ó ronú díẹ̀. "Ọ̀kan wà ṣá tó fẹ́ jọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Rọra gbé e délé, ó ń wí i níwájú dígí títí ìyàwó rẹ̀ fi ní kó jẹ́ káwọn sùn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú náà, kò sí èyí tó bá ẹnu rẹ̀ mu tó o.

Ọmọ ìlú ibẹ̀ kan tó ní irùngbọ̀n yẹ́úkẹ́ ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀. Onírùngbọ̀n ni Rọra ń pè é nínú ọkàn rẹ̀. Onírùngbọ̀n ń gé páálí, Rọra ń bójú tó ẹ̀rọ. Bí Onírùngbọ̀n bá sín, Rọra á sọ ọ̀rọ̀ náà. Bí etí páálí bá ya ọkùnrin náà lọ́wọ́, á tún sọ ọ́. Níbẹ̀rẹ̀, Onírùngbọ̀n máa ń wò ó bí ẹni wo ewúrẹ́ tó ń sọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ bi í ní nǹkan kan lọ́jọ́ kan, Àgbà Àlejò sì fi ẹ̀rín túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní kí lẹ ṣe fóun tẹ́ ẹ fi ń bẹ òun?" Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Bó bá sín báyìí, á yíjú sí Rọra, á dúró gba tirẹ̀, àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín.

Bọ́tìnnì méjì ló wà lára ẹ̀rọ náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àfi kéèyàn fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ wọ́n pọ̀ kí abẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí ọwọ́ kankan má bàa ṣẹ́ kù sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Onírùngbọ̀n ti fi ègé páálí há tòsì, kí iṣẹ́ lè yá. Rọra rí i. Ó nàka sí i, ó mi orí. Kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe rọra níbẹ̀. Onírùngbọ̀n ṣẹ́jú sí i, ó ń gé tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Rọra lọ bu òróró lẹ́yìn ilé. Igbe ló pè é padà. Abẹ ti gba ìka méjì.

Ọkùnrin tí ẹ̀rù ti ń bà látọjọ́ tó ti dáyé kò ráyè bẹ̀rù lọ́jọ́ yẹn. Ó pa ẹ̀rọ, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó fi wé ọwọ́ náà, ó gbé orí Onírùngbọ̀n lé itan. Ó wá ń wí ọ̀rọ̀ náà, ó ń wí i, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ègé páálí tó há bọ́tìnnì ti já bọ́ sáàárín àwọn ègé tó kún ilẹ̀. Ta ni yóò dá a mọ̀ níbẹ̀? Nígbà tí ọ̀gá àtàwọn yòókù sáré dé, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n bá, wọ́n bá Rọra, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń sọ ọ́. "Èmi ni mo jẹ̀bi" ló wà nínú ikùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ti jẹ́wọ́," Àgbà Àlejò wí fún un lọ́jọ́ kejì, níbi tó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí lẹ́yìn òkìtì páálí.

"Mo jẹ́wọ́ kí ni?"

"Pé ẹ̀yin lẹ tan ẹ̀rọ nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ abẹ. Wọ́n ní wọn ò tíì bi yín tẹ́ ẹ ti ń bẹ̀bẹ̀."

"Onírùngbọ̀n fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ò rántí nǹkan kan." Àgbà Àlejò tutọ́ sílẹ̀. "Ó rántí. Ṣé kó wá sọ pé òun lòun há bọ́tìnnì ni? Òun náà lọ́mọ nílé. Ẹ gbọ́, bí wọ́n bá pè yín, ẹ ní ẹ ò sọ ọ́. Ẹ ní ẹ ò tiẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ta ni ò mọ̀ pé èdè wọn tó wà lẹ́nu yín ò kún ṣíbí? Ẹ ní èdè wa lẹ ń sọ, àwọn ni wọ́n ṣì í gbọ́."

"Ṣé kò ní sàn ká ṣàlàyé fún wọn?"

"Àlàyé wo? Pé nílé wa, ẹni tí ò ṣe nǹkan kan ló ń bẹ̀bẹ̀? Wọ́n á ní orí yín ò pé, wọ́n á fi ìyẹn náà dá yín padà. Látòní lọ, ẹni tó bá ṣubú níwájú yín, ẹ wòkè."

"Kí n máa wo ẹni tó fara pa bí ẹni wo tẹlifíṣàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ ò bá lè wò ó, ẹ yí i síbòmíràn."

Nígbà tí ìyàwó Rọra gbọ́, ó jókòó sórí àpótí tí wọn kò tíì tú tán.

"Bàbá wọn, ẹnu yín yẹn ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kí àga pẹ̀lẹ́ bẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ gbá a."

"Kí la wá máa ṣe?"

"Ká má sọ ọ́ nínú ilé yìí mọ́, ì báà ṣe tiwa, ì báà ṣe tiwọn. Ohun téèyàn ò bá jẹ nílé, kò ní rùn lẹ́nu ẹ̀ níta."

Eré ni ọmọ wọn obìnrin, èyí àgbà, kọ́kọ́ fi ṣe. Á mọ̀ọ́mọ̀ fi ìgúnpá lu ògiri, á dákú bí ẹni tó ti kú, á ní, "Dádì, ẹ sọ ọ́, ká gbọ́!"

"Màá là ẹ́ létí o!" ìyá rẹ̀ á pariwo. Rọra á fi eyín há ètè.

Lẹ́yìn náà ni Àbíkẹ́yìn ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Orúnkún rẹ̀ bó. Ó figbe ta, àmọ́ ó dá igbe náà dúró lágbede méjì. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó ń dúró. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó fi omi ṣan orúnkún náà, kò sọ nǹkan kan. Rọra wòkè. Gílóòbù kan ló wà níbẹ̀, kò sì tàn. Nígbà tí ọmọ náà tún ké, kì í ṣe igbe orúnkún mọ́.

Àárọ̀ ni wọ́n pe Rọra sókè. Ọ̀gá wà nídìí tábìlì gígùn kan, obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ jókòó tì í. Wọ́n fi Àgbà Àlejò ṣe ògbufọ̀. Ohùn obìnrin náà tutù. Ó béèrè bóyá Rọra sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Rárá."

Ṣé ó mọ ọ̀rọ̀ náà?

"N ò gbọ́ ọ rí."

Irọ́ náà tutù lẹ́nu rẹ̀ bí irin. Obìnrin náà àti ọ̀gá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Rọra.

"Ó ti ń bọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n," Àgbà Àlejò wí lábẹ́ eyín. "Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣì í gbọ́ lóòótọ́. Ó ku kí ẹni tó fara pa wọlé."

Rọra ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kan ilẹ̀.

Onírùngbọ̀n wọlé. Ó ti rù. Wọ́n ti fi báńdéèjì funfun wé ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi tóbi bí orí ọmọdé. Ó fi ọwọ́ kejì fa àga, ó fẹ́ jókòó, ọwọ́ tí wọ́n wé náà gbá etí tábìlì. Ọkùnrin náà ká kò, ó kérora.

Ọ̀rọ̀ náà jáde. Kò tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ Rọra. Èdè wọn ló bá jáde, ó já gaara bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Rọra fúnra rẹ̀ ti dìde lórí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Onírùngbọ̀n gbójú sókè, etí ẹnu rẹ̀ fẹ́ gbéra, bí ìgbà tó bá sín nídìí ẹ̀rọ. Rọra rí i. Rọra ń retí rẹ̀. Ọkùnrin náà wá wo báńdéèjì rẹ̀, ó sorí kọ́.

Àgbà Àlejò fò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, òótọ́ báyìí. Ó ń sín lásán, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, ó ń da ọwọ́ nù. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo. Àgbà Àlejò padà jókòó.

"Kí ló wí?" Rọra bi í.

"Ó ní... ó ní bí kò bá sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

Nílé, ìyàwó Rọra ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ látorí àtẹ̀gùn. Ó ṣílẹ̀kùn kó tó kàn án.

"Ó bọ́," Rọra ní.

"Èwo ló bọ́? Ọ̀rọ̀ ni, àbí iṣẹ́?"

"Méjèèjì. Wọ́n ní ká kúrò nínú ilé kí oṣù tó parí."

Ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í. Ó wo àwọn àpótí. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó dúró láàárín ilé bí ẹrù tí wọ́n ṣì gbé wá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá wọn."

Àbíkẹ́yìn gbọ́ ọ láti yàrá. Ó sáré jáde, ó dúró níwájú bàbá rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Orúnkún náà ti jinná, àpá dúdú ló kù. Kò sunkún. Ó kàn na ẹsẹ̀ náà síwájú, bí ẹni wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Rọra kúnlẹ̀. Ó di orúnkún ọmọ náà mú. Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn, bóyá ó tì dáadáa, kó tó la ẹnu.