Lẹ́tà Tó Gba Ara Ògiri Kọjá

Ọ̀rọ̀ kejì ti jáde kí Dókítà tó gbà pé kì í ṣe ojú òun ló ń ṣe òun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún aránṣọ kan lábẹ́rẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ó ní kó jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹnu rẹ̀ lè kú dáadáa kí òun tó yọ eyín ẹ̀yìn tí kò jẹ́ kó sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Bó ṣe yíjú sí tábìlì láti wo ẹni tó kàn, ló bá rí i tí lẹ́tà ń tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ẹ̀rọ ìléwọ́ rẹ̀, lábẹ́ orúkọ aránṣọ náà gan-an. "Ọmọ mi," ni ẹ̀rọ náà kọ. Kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú rẹ̀ ni Dókítà ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn sí, àti ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, àti eyín tó ń dùn wọ́n. Ó gbé e, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bí ẹni pé ẹnì kan sá pamọ́ síbẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ ò dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń bá lọ: "Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà?"

Ẹlòmíràn ì bá ti ju nǹkan náà sílẹ̀ kó sá jáde. Dókítà kọ́. Láti kékeré lọkùnrin yìí kì í ti í rí àpótí tí wọ́n tì kó má wá ojú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àbí ta ni yóò fi ogójì ọdún yọjú wo ẹnu ẹlẹ́nu bí kò bá fẹ́ràn ìtọpinpin? Ó fà á mọ́ ojú, ó tẹ́tí. Ìgbà yẹn ló wá gbọ́ ọ lára ògiri, tata-tata, tata-tata, láti yàrá tí wọ́n ń to fáìlì sí. Ó dánra wò: ó wúkọ́. Tata-tata dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó mú sùúrù díẹ̀. Tata-tata tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tún ń bọ̀. Ẹ̀rín pa á. Kíbọ́ọ̀dù yẹn ni!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kíbọ́ọ̀dù ọ̀hún. Pátákó ìtẹ̀wé ni, ó ṣeé ká bí ìwé, èèyàn lè kì í bọ àpò. Kò ní wáyà. Bó bá ti mọ ẹ̀rọ kan, bí ògiri tilẹ̀ wà láàárín wọn, á máa gbé ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọdún tó kọjá ni Dókítà rà á. Ó ní gègé tín-ínrín tó bá ẹ̀rọ òun wá, tí wọ́n fi ń kọ̀wé sójú rẹ̀, kò yẹ àgbàlagbà, pé bí ayé ṣe ń lọ nìyẹn, kíbọ́ọ̀dù ni gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n ń lò. Oṣù méjì ló fi lò ó tó fi lọ gbé e fún Ìyá Fáìlì. Ó ní kò wu òun mọ́.

Ìyá Fáìlì ló ń ṣe àkọ́sílẹ̀ fún un láti ọdún mẹ́tàlélógún. Òun náà ní ẹ̀rọ ìléwọ́ tirẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ, ó sì gba kíbọ́ọ̀dù náà tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀rọ méjì péré ni kíbọ́ọ̀dù náà wá mọ̀ láyé, ti ìyá àti ti ọ̀gá. Bí ọ̀kan bá kú, á wá èkejì lọ. Ibi tí ìyá sì ti kọ́ ìwé títẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń fi bo ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá wo ọwọ́, tàbí tó wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń jáde sí, rúlà olùkọ́ á kí i. Ojú ìwé tí èèyàn ń dà kọ ni ojú gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà, bó bá fẹ́ tẹ nǹkan, á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ nàró, á sì fi bébà tó ti fọwọ́ kọ tẹ́lẹ̀ tì í, bébà náà á bo gbogbo ojú ẹ̀rọ. Bí bátìrì bá tán nínú rẹ̀, ta ni yóò sọ fún un? Dókítà ò nílò kó débẹ̀ kó tó mọ̀ pé bọ́ràn ṣe rí nìyẹn.

Ó dìde láti lọ sọ fún un. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ti ń to yẹ̀yẹ́ tí yóò fi ṣe é sẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ̀rọ kọ ọ́ pé: "Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ."

Àkọ́bí Dókítà ni Ìyá Fáìlì ń kọ̀wé sí. Obìnrin ni, nọ́ọ̀sì, ìlú tó jìnnà ló ń gbé. Ó yẹ kí Dókítà jáde, kó sọ fún ìyá kó dúró ná. Kò jáde. Ó padà jókòó, ó sì fi ẹ̀rọ náà lé orí itan. Ká má parọ́, ta ló máa gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ògiri tí kò ní dẹtí?

"Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n. Ó ti lé lọ́dún kan. Nígbà tí wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù yìí fún mi, wọ́n ní kò wu àwọn, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí wọ́n fi í tẹ̀. Wọn á fẹ́ tẹ lẹ́tà kan, mẹ́ta á jáde. Wọ́n máa ń ti ọwọ́ náà bọ àpò bí mo bá wọlé. Mi ò sọ nǹkan kan, gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ.

"Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bíríkìlà kan wá yọ eyín. Ẹ̀mú yẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó fọ́ eyín kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yọ méjèèjì. Wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé èkejì ti jẹrà nínú, pé oore làwọn ṣe é. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ mi, èmi ni mò ń to fọ́tò eyín sínú fáìlì. Kò sí nǹkan tó ṣe eyín yẹn."

Ojú ti Dókítà. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó rí i, síbẹ̀ ojú tì í dé egungun. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ eyín jíjẹrà yẹn fún ara rẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kó gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ìtìjú ni ìbínú dé. Ṣé obìnrin tí wọ́n ti jọ wà láti ọdún mẹ́tàlélógún ló wá ń fẹjọ́ òun sun ọmọ tí òun bí? Kí ló dé tí kò wá bá òun lójúkojú? Ó tún bi ara rẹ̀ pé bó bá wá ńkọ́, kí ni òun ì bá sọ fún un? Ìdáhùn tó wá sí i lọ́kàn kò dùn mọ́ ọn.

Ó ṣàkíyèsí nǹkan kan lásìkò náà. Tata-tata ti yí padà. Títí di ìgbà yẹn, ó ń sáré geere bíi ti ẹni tó ń da ìwé kọ. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ méjì á jáde, á dákẹ́. Ẹyọ kan á tún jáde. Bébà tí ìyá ń wò ti tán. Ohun tó kù, inú rẹ̀ ló ti ń bọ̀.

"Obìnrin aránṣọ kan wà lórí àga wọn báyìí. Abẹ́rẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó yẹ kí n dìde kí n lọ dá wọn dúró, ìwé yìí ni mo jókòó tì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò fi ọjọ́ kan jágbe mọ́ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pé ó tó."

Dókítà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Aránṣọ fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, bóyá ó ti kú. Ló bá ya ẹnu, ó sì di ojú pa. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́. Ó mú ẹ̀mú nínú àwo irin, ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé òun yóò fi han ẹni tó ń kọ̀wé lẹ́yìn ògiri pé ọwọ́ òun ṣì dá ṣáṣá. Kí ẹ̀mú tó kúrò nínú àwo, ẹnu rẹ̀ ń lu etí àwo náà kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Ó dúró díẹ̀, ó tú u sílẹ̀, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó wo ẹnu tí obìnrin náà yà kalẹ̀ dè é, eyín tó kù níbẹ̀ funfun, wọ́n dá ṣáká. Ẹ̀rù bà á.

Ó dá ẹ̀mú padà.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ẹnu yín dé," ló sọ fún aránṣọ. "Wọ́n máa yọ eyín yín lónìí, kì í ṣe èmi ló máa yọ ọ́."

Obìnrin náà la ojú. Ìdajì ẹnu ló fi béèrè bóyá eyín náà le tó bẹ́ẹ̀ ni.

"Eyín yín kò le. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́ tèmi mọ́."

Kò tíì sọ ọ́ jáde létí ẹnikẹ́ni rí. Aránṣọ wo ọwọ́ náà, ó wo ojú Dókítà, ó sì rọra ní ó ṣeun tó sọ fún òun. Dókítà ṣàlàyé fún un pé obìnrin kan wà lódìkejì ọ̀nà, dókítà eyín lòun náà. Láti ọjọ́ tí obìnrin yẹn ti ṣílé iṣẹ́ rẹ̀ ni Dókítà ti ń pè é ní ọmọ àná, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù, ó pè é, ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìyẹn sì gbà. Agbára abẹ́rẹ́ náà yóò wà lẹ́nu aránṣọ fún wákàtí kan ó lé, ó tó láti sọdá. Ó fún aránṣọ ní fọ́tò eyín rẹ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wọ yàrá fáìlì. Ìyá Fáìlì yára fi ọwọ́ bo bébà iwájú rẹ̀.

"Ìyá Fáìlì, ẹ gbé bébà yẹn kúrò lójú ẹ̀rọ yín ná."

Ó gbé e kúrò. Ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Dókítà wá gbé tirẹ̀ síwájú ìyá, lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá kà á dé ìlà kejì, ó di orí mú. Ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ máa tọrọ àforíjì, Dókítà sì fà á padà sórí àga.

"Ẹ jókòó. Kò tíì tán. Ẹ fọwọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù, èmi ni màá máa pè é."

Ìyá gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹ kọ ọ́ pé mo ti ka lẹ́tà yìí, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Pé bíríkìlà yẹn kò tíì mọ̀ pé eyín tó dára ni mo yọ lẹ́nu òun. Pé màá lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la, màá sọ fún un fúnra mi."

Ìyá ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń pè é. Kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sí bébà tí ì bá máa wò, inú ẹ̀rọ ni òun àti Dókítà jọ tẹjú mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń jáde níṣojú àwọn méjèèjì. Nígbà tó parí, Dókítà ka ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ pa lọ́la yẹn rẹ́," ló wí. "Ẹ fi lónìí sí i."

Ìyá Fáìlì pa á rẹ́, ó fi lónìí sí i, Dókítà sì lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́.