Ẹ̀rọ Tó Mọ Ọwọ́ Ẹnì Kan Kà

"Ẹ̀gbọ́n Vireak, ẹ má fẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ yín ò mọ̀wé."

Chanmony ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú Ọ̀gá Sambath, nínú ọ́fíìsì wọn ní Battambang ní ilẹ̀ Cambodia, tí abọ́ núdù àárọ̀ rẹ̀ ń tutù lọ lórí tábìlì. Kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwé àfọwọ́kọ Khmer, èdè ilẹ̀ wọn, ni wọ́n ń jà lé lórí. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ máàkì ìdánwò àwọn ọmọ ìlú, Ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lónìí. Ọmọ bíbí inú Chanmony wà lára wọn. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ ọwọ́ wọn kà, òdo ni yóò máa ta wọ́n lọ́rẹ.

Vireak tó kọ́ ẹ̀rọ náà níwèé rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà, bóyá ló fi ń ṣi ẹyọ kan kà. Ó ní ìlara ló ń da obìnrin náà láàmú.

Chanmony ní kò burú, ta ló kọ àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi kọ́ ọ? Vireak ní àwọn mọ́ńkì kéékèèké, àwọn ọmọ tó ń sin Búdà nínú pàgódà, ilé ìsìn ẹ̀bá odò, ni; ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ibòji wà níbẹ̀, tíì gbígbóná náà wà.

"Ẹ ò rí nǹkan? Mọ́ńkì arúgbó kan ṣoṣo ló kọ́ gbogbo wọn. Ẹni tí irun orí lẹ́tà rẹ̀, ìlà òkè yẹn, bá wọ́, pàṣán á bà á lọ́wọ́. Ọwọ́ bàbá yẹn nìkan lẹ̀rọ yín mọ̀ kà. Àwọn ọmọ tiwa ń sáré kọ̀wé ni: wọ́n á fá irun lẹ́tà kodoro, wọ́n á gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ sójú títì."

Ọ̀gá Sambath yíjú sí Vireak. Ìyẹn ní àwáwí lásán ni, pé lẹ́tà kan náà ni gbogbo Khmer ń kọ.

Chanmony ò jà mọ́. Ó ti pátákó ìkọ̀wé ẹ̀rọ náà síwájú Vireak, ó na gègé rẹ̀ sí i.

"Ẹ kọ orúkọ ara yín."

Vireak kọ ọ́ fàlàlà, bí ẹni tó ti ń buwọ́ lùwé láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ ronú, ó tún ronú. Ọ̀gá Sambath gbé awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì ka èsì tí Vireak fúnra rẹ̀ ti kì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu fún àwọn òpè tí ò mọ̀wé kọ:

"Èyí kì í ṣe ìwé Khmer. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ wá."